Ẹ́ńjìnnì Camry 2.2 tòkunbọ̀ ni kí n rà, tàbí kí n tún èyí tó wà nínú ọkọ̀ mi ṣe?

Tíṣà, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín. Camry ọdún 2000 ni ọkọ̀ mi, ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ sì ni 5S-FE oní-lítà 2.2, èyí tí gbogbo ènìyàn máa ń sọ pé kì í tètè kú. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń wà á lójoojúmọ́ láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí ibi iṣẹ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì dá mi dúró sójú ọ̀nà rí. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bí mo ṣe ń bọ̀ láti Ṣágámù, iná pupa ti ọ́ìlì tàn ní iwájú mi nígbà tí mo ń sún mọ́ Odògbólú. Mo rò pé wáyà ló ń yọ mí lẹ́nu, mo sì ń bá ìrìn mi lọ. Kí n tó wọ ìlú Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ́ńjìnnì ti ń kan gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ bí ẹni tí ń fi òòlù lu irin, mo pa á, mo sì ní kí wọ́n fà á délé.

Mẹkáníìkì mi sọ pé ó ti nọ́ọ̀kì, pé kí n kó owó wá kí òun lọ ra tòkunbọ̀ ní Èkó. Ẹlòmíràn sọ pé 5S-FE tó dára ti tán lọ́jà, pé kí n gbé 3S-FE sí i. Àbúrò ìyàwó mi tí ó wà lókè òkun ní kí n dúró, pé àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń tú ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì palẹ̀, tí wọ́n ń tún un ṣe bí tuntun. Owó tí mo ní lọ́wọ́ kò lè ra ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì. Mo bẹ̀ yín, ẹ là mí lóye kí n tó ná an.

Ọ̀gá mẹkáníìkì, Ṣágámù

Tíṣà wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín kí a tó sọ̀rọ̀ rírà: ta ló tú ẹ́ńjìnnì yẹn wò? Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, n kò rí i kà pé ẹnikẹ́ni sọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Etí lásán ni wọ́n fi dájọ́ ikú fún un.

Èkejì, níbo ni ọ́ìlì gbà lọ? Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà kò ju nǹkan bíi lítà 3.6 lọ, tí a bá pa fíltà tuntun pọ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, bí ó bá ń jò díẹ̀díẹ̀, tí ẹni tó ni ín kò sì fa irin ìwọ̀n yọ wò láàárọ̀, kì í pẹ́ tí páǹpù yóò fi máa fa afẹ́fẹ́. Ibi tí mo ti máa ń rí jíjò jù lọ lára 5S-FE ni iwájú, níbi bẹ́líìtì: síìlì kírańkì (ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí àwọn písítìnì ń yí), síìlì kámù (ọ̀pá òkè tó ń ṣí fáàfù), àti síìlì páǹpù ọ́ìlì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà róbótó tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́líìtì náà ló ń yí páǹpù ọ́ìlì àti páǹpù omi, ìdérí ike sì bo gbogbo rẹ̀, nítorí náà ọ́ìlì lè máa jò níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kí ènìyàn má mọ̀. Bí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn wọlé láìmọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́, ohun kan náà ni yóò pa á.

Ní ti orúkọ rere tí ẹ́ńjìnnì yìí ní, òótọ́ ni. Irin líle ni bílọ́ọ̀kù rẹ̀, kì í ṣe àlùmíníọ̀mù, bí bẹ́líìtì rẹ̀ bá sì já lójijì, fáàfù kì í lu písítìnì: ọkọ̀ yóò kú ni, ẹ ó so bẹ́líìtì mìíràn, ẹ ó sì máa lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Toyota fúnra rẹ̀ ní láti bá àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe ètò àtúnṣe lọ́dún 2002, nítorí ọ́ìlì tí ń dì bí ọ̀dà nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí, láti ọkọ̀ ọdún 1997 títí dé 2001. Ọdún ti ọkọ̀ yín wà nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ń pa ọ́ìlì rẹ̀ dà lásìkò kò ní ìṣòro yìí, àmọ́ lórí tòkunbọ̀, ta ni yóò sọ fún yín bóyá ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ń pa á dà lásìkò?

Ọdún 2001 ni wọ́n gbé e sínú Camry kẹ́yìn. Èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí lọ́jà lónìí ti lé ní ogún ọdún. Kódà bí ẹni tó tà á bá búra pé kò rìn jìnnà, rọ́bà tó wà nínú rẹ̀ ti gan.

Àǹtí onípáàtì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Èmi ń ta páàtì ọkọ̀, mo sì máa ń bá àwọn oníbàárà lọ sí Ládípọ̀ àti Owódé Onírin, àwọn ọjà páàtì ní Èkó. Ẹni tó bá ń ti apá Rẹ́mọ lọ lè gba ọ̀nà Ìkòròdú já sí Owódé Onírin láìwọ àárín Èkó rárá.

Tíṣà, bí ẹ bá ní rírà lẹ ó rà, ẹ má ṣe kó owó fún mẹkáníìkì kí ó dá lọ. Ẹ bá a lọ. N kò sọ pé olè ni, ṣùgbọ́n owó yín ni, ojú yín sì ni kí ó ṣọ́ ọ. Tí ẹ bá débẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó bèèrè ni ohun tí iye owó náà kó mọ́ra. Olùtajà lè pe iye kan, kí ó sì jẹ́ pé bílọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù sílíńdà nìkan ló ń tà. Nígbà tí ẹ bá sanwó tán ni yóò máa yọ olùpèsè iná, sítátà, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti gbogbo sẹ́ńsọ̀, tí yóò ní ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Ẹ jẹ́ kí ó kọ ọ́ sórí rìsíìtì, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó ń dán fà yín mọ́ra. Kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, àwọn mìíràn a sì fín ọ̀dà fàdákà sí i lára. Èmi fẹ́ràn èyí tí eruku àti ọ́ìlì àtijọ́ ṣì wà lára rẹ̀, nítorí pé mo lè rí ibi tó ti ń jò, mo sì lè rí i bóyá wọ́n ti tú bóòtù rẹ̀ rí. Bóòtù tí sípánà ti họ lára rẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

Ní ti ìdánilójú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dá owó padà, pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ń ṣe, ó sì ní iye ọjọ́. Ẹ béèrè ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí ó wà lórí rìsíìtì pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi ọ̀dà tí kì í tètè ṣí sàmì sí ibi ìkọ̀kọ̀ lára rẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò nọ́ńbà náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé èyí tí ẹ dá padà kọ́ ni òun tà.

Awakọ̀ Big Daddy, Ìpẹru

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ yìí kan èmi náà. Camry ọdún 2004 ni tèmi, 2AZ-FE oní-lítà 2.4 ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ní kò sí ohun tó lè pa á. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ó ń gbóná, a pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọ́. Níkẹyìn ni a rí i pé ihò bóòtù tọ́ọ̀pù sílíńdà tó wà lápá ẹ̀yìn ti jẹ nínú àlùmíníọ̀mù, bóòtù kò di ohunkóhun mú mọ́. Ó yà mí lẹ́nu láti gbọ́ pé àìsàn tí wọ́n mọ̀ mọ irú rẹ̀ ni, pàápàá àwọn ti ọdún 2002 sí 2006. Ṣé kí n ra òmíràn ni?

Ọ̀gá mẹkáníìkì, Ṣágámù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì rà. Wọ́n lè fẹ ihò náà, kí wọ́n fi ojú irin tuntun sí i fún bóòtù láti dì mú. Iṣẹ́ ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀, tó sì ní sùúrù ni, nítorí ihò tó bá wọ́ díẹ̀ ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ rà á dandan, ẹ mọ̀ pé àwọn tó tẹ̀ lé e, ti ọdún 2007 sí 2009, tún ní àìsàn tiwọn: ríǹgì písítìnì wọn máa ń jẹ́ kí wọ́n mu ọ́ìlì, Toyota sì pààrọ̀ písítìnì fún ọ̀pọ̀ oníbàárà ní Amẹ́ríkà nítorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ti Tíṣà.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́jà, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń sọnù. Ẹ mú sípánà, bátìrì àti ìwọ̀n kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n (èyí tí ń wọn agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) lọ. Ẹ tú pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi sípánà yí kírańkì yípo odidi ìgbà méjì, nítorí pé yíyípo méjì ni gbogbo sílíńdà fi ń parí iṣẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá há níbì kan, tàbí tó ń lọ fẹ́ẹ́rẹ́ níbì kan tó sì wúwo níbòmíràn láìnídìí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí. Bí inú rẹ̀ bá funfun rẹ́súrẹ́sú bí ògì, omi ti wọ inú ọ́ìlì. Bí ó bá dúdú, tó dì bí ọ̀dà, ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Pàápàá jù lọ, ẹ bẹ olùtajà kí ó jẹ́ kí ẹ sọ súǹpù ìsàlẹ̀, abọ́ tí ọ́ìlì ń dúró sí, kalẹ̀, kódà bí ẹ ó bá san owó gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ fi ìka gbá ìsàlẹ̀ súǹpù, kí ẹ gbé e sí oòrùn. Bí ẹ bá rí ohun tó ń tàn wínníwínní bí wúrà tàbí bàbà, bẹ́ríǹgì ló ti ń jẹ, irú ohun tó pa ti yín gan-an. Olùtajà tó bá kọ̀ jálẹ̀ pé ẹ kò gbọdọ̀ ṣí ìsàlẹ̀, èmi a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì bọ́ sí ìsọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ìwọ̀n kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n ló kàn. Fún 5S-FE, 178 psi ni ìwọ̀n tó pé, kò gbọdọ̀ dín sí 142, sílíńdà kan kò sì gbọdọ̀ fi ju 14 lọ yàtọ̀ sí èkejì. Ìyàtọ̀ yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, nítorí bátìrì tó rẹ̀ lè mú gbogbo wọn lọ sílẹ̀ pa pọ̀, ṣùgbọ́n bí mẹ́ta bá wà ní 165 tí ọ̀kan wà ní 120, aláìsàn ni ọ̀kan yẹn. Àmọ́ ẹ fiyè sí èyí: ara gíà ni sítátà ń jókòó sí lórí Camry. Bí wọn kò bá ta ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, sítátà kò ní ibi tí yóò ti yí i. Nígbà náà, afẹ́fẹ́ ni mo máa ń lò. Ẹ yí sílíńdà kan dé òkè pátápátá nígbà tí fáàfù rẹ̀ pa dé, kí ẹ di kírańkì mú gírígírí kí ó má bàa yí lu yín lọ́wọ́, kí ẹ so rọ́bà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọ́kánáísà mọ́ ihò pílọ́ọ̀gì, kí ẹ sì tẹ́tí. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ yóò máa sú níbi tí a ń da ọ́ìlì sí, ìyẹn kò burú. Bí ó bá ń fẹ́ fúù, ríǹgì ti jẹ. Bí ẹ bá gbọ́ ọ níbi tí èéfín ń gbà jáde, fáàfù èéfín ni. Bí ẹ bá gbọ́ ọ níbi tí omi rédíétọ̀ ń gbà wọlé, gáskẹ́ẹ̀tì ti fọ́ tàbí kí irin ti sán.

Ní ti 3S-FE, n kò gbà. Lítà 2.0 ni, ó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ tó ti Japan wá, ó sì jọ èkejì débi pé àwọn kan ń tà á ní orúkọ 5S. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára bílọ́ọ̀kù, kí ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Kódà láàrin 5S-FE síra wọn, ti Camry ṣáájú ọdún 1997 ń lo ẹ̀rọ tó ń pín iná yípo, èyí tí ti yín kò ní. Bí wọ́n bá gbé irú ìyẹn fún yín, ẹ ó ní láti kó àwọn sẹ́ńsọ̀ ti yín sí i kí brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) tó lè gbọ́ èdè rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni àyè rẹ̀ máa ń wà lára bílọ́ọ̀kù.

Ọmọ Rẹ́mọ, Kánádà

Mo kí ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un lórí ohun tí àbúrò ìyàwó Tíṣà sọ. Níhìn-ín, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú wò, tí wọ́n sì pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́ nìkan nínú rẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí ilé iṣẹ́ tú palẹ̀ pátápátá, tí wọ́n gé irin rẹ̀ padà sí ìwọ̀n tí olùṣe kọ́kọ́ fún un, tí wọ́n sì fi ríǹgì, bẹ́ríǹgì, síìlì àti gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sí. Èyí kejì ló wọ́n. Iye tí wọ́n sì ń pè sábà máa ń ní owó ìdógò nínú, tí ẹ ó gbà padà nígbà tí ẹ bá dá ògbólógbòó ti yín padà fún wọn. Tíṣà kò lè gbé ẹ́ńjìnnì tó ti nọ́ọ̀kì láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá síhìn-ín, nítorí náà ìdógò yẹn ti lọ. Ìdánilójú tí wọ́n ń fúnni náà, ẹni tó lè gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn ló wà fún. Wọ́n tún máa ń lẹ irin róbótó kékeré kan mọ́ ara rẹ̀, tí àárín rẹ̀ ń yọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dé nǹkan bíi 121°C. Bí ó bá ti yọ́, ìdánilójú ti parí. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni owó ọkọ̀ ojú omi àti ti ibodè. Fún ọkọ̀ ọdún 2000, n kò rò pé ó bọ́gbọ́n mu.

Bàbá awakọ̀, Òdè-Rẹ́mọ

Ọmọ mi ní Kánádà, o ṣeun, o sọ òótọ́. Èmi wa Peugeot 504 fún ọdún púpọ̀, èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná. Nígbà ayé tiwa, a kì í sáré ra ẹ́ńjìnnì. A ń fa ìwo sílíńdà rẹ̀, ìyẹn irin tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀, yọ, a ń fi tuntun sí i pẹ̀lú písítìnì àti ríǹgì, ọkọ̀ á sì tún padà sójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Ti Toyota yìí kò ní ìwo tó ń yọ, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ irin líle, ó ṣeé gé. Tíṣà, ẹ tú ti yín wò. Ẹ mọ ẹni tó lò ó fún ọdún mẹ́sàn-án: ẹ̀yin ni. Ẹ kò mọ ẹni tó lo ti ọjà.

Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà ni ìwé. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lórí ìwé ọkọ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ mú rìsíìtì lọ sí ọ́fíìsì tí ń ṣe ìwé ọkọ̀ kí wọ́n yí i padà, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì náà sínú ọkọ̀. Ọlọ́pàá tó bá fi nọ́ńbà wé ìwé lójú ọ̀nà márosẹ̀, tí wọn kò sì bára mu, lè dá ọkọ̀ dúró. Bí ẹni tó tà á kò bá lè fún yín ní rìsíìtì tó ní àdírẹ́sì ìsọ̀, ẹ má ṣe gbé e, nítorí ẹ kò mọ ọkọ̀ ẹni tí wọ́n ti yọ ọ́.

Tíṣà, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti jẹ́ kí wọ́n sọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ lójú mi. Ọ̀rọ̀ rí bí ọ̀gá ṣe sọ ọ́: ìdérí bẹ́líìtì kún fún ọ́ìlì, síìlì páǹpù ọ́ìlì ti gan bí igi, bẹ́líìtì pàápàá ti ń wú. Bẹ́ríǹgì kọ́nródì kejì (kọ́nródì ni irin tó so písítìnì mọ́ kírańkì) ti jẹ dé bàbà, ó sì ti ha kírańkì lára níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù kò burú. Wọ́n fi ìwọ̀n wo inú sílíńdà, wọ́n ní kò tíì gba gígé, pé ríǹgì tuntun nìkan ti tó. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo rí i, nítorí pé ìwọ̀n ọ́ìlì tí n kò fà yọ wò ló fa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo láyọ̀ pé mo rí i kí n tó kówó jáde. Ọ̀gá, ṣé wọ́n lè gé kírańkì yẹn?

Ọ̀gá mẹkáníìkì, Ṣágámù

Bí ibi tó ha yẹn kò bá jìn, wọ́n á gé e wọlé ní 0.25 mm, ẹ ó sì ra bẹ́ríǹgì tó bá ìwọ̀n yẹn mu. Ẹ gé gbogbo ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, kì í ṣe ẹyọ kan, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó gé e kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀ fún yín kí ẹ tó lọ ra bẹ́ríǹgì. Kọ́nródì kejì yẹn, kí wọ́n wọn ihò rẹ̀ bóyá ó ti fẹ̀ tàbí ó ti di ẹyin. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹyọ kan lọ́jà, èyí kò ṣòroó rí. Ẹ gbé tọ́ọ̀pù sílíńdà sábẹ́ irin gígùn tó tọ́, bí ó bá tẹ̀ ju 0.05 mm lọ kí wọ́n lọ̀ ọ́.

Níwọ̀n ìgbà tí ó ti wà nílẹ̀, ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì, páǹpù omi àti gbogbo síìlì iwájú àti ẹ̀yìn, títí kan rọ́bà ẹ̀yìn páǹpù ọ́ìlì. Síìlì ẹ̀yìn tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan yìí, bí ẹ bá fò ó, gíà ni wọn yóò sọ kalẹ̀ kí wọ́n tó tún dé ibẹ̀. Ẹ fọ ihò ọ́ìlì inú kírańkì pẹ̀lú afẹ́fẹ́, nítorí èérún irin tí wọ́n gé máa ń sá pamọ́ síbẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí mo ń bẹ̀ yín lórí rẹ̀: bí mẹkáníìkì bá ní kí ẹ yọ tẹmósítáàtì (èyí tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó) dànù kí ọkọ̀ má bàa gbóná, ẹ má gbà. Ẹ́ńjìnnì tí kò dé ìwọ̀n gbígbóná tó yẹ ń jẹ epo sí i, omi rẹ̀ kì í gbẹ nínú ọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà yẹn ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ń gbóná, rédíétọ̀ tàbí fáànù ni kí ẹ wò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣáná sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú pílọ́ọ̀gì, kí wọ́n yí sítátà díẹ̀díẹ̀ títí iná ọ́ìlì yóò fi kú kí wọ́n tó dá pílọ́ọ̀gì padà. Ẹ pa ọ́ìlì àkọ́kọ́ dà lẹ́yìn 500 kìlómítà, kí ẹ da èyí tó jáde sínú abọ́ funfun kí ẹ wò ó.

Tíṣà, Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo ti gbé kírańkì àti kọ́nródì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ẹni tí yóò gé e, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́bọ̀. Mo ti fi ìwé kékeré kan há ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀ láti máa kọ ọjọ́ tí mo bá fa ìwọ̀n ọ́ìlì yọ wò. Nígbà tí mo bá rin 500 kìlómítà yẹn, màá gbé fọ́tò abọ́ funfun náà wá síbí kí ọ̀gá bá mi wò ó.